Omi Tí A Fi Pamọ́ Sábẹ́ Ilé

Bí ènìyàn bá wọ agbo ilé Yorùbá láyé àtijọ́, kò ní í pẹ́ kí ojú rẹ̀ tó bá àmù omi pàdé. Àmù náà lè wà ní igun ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì lè wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá ìyálé, ṣùgbọ́n níbikíbi tí ó bá wà, gbangba ni ó wà. A ó ti rì í mọ́lẹ̀ díẹ̀ kí ó má baà yí, a ó ti fi ìdérí bò ó lẹ́nu, a ó sì ti gbé igbá ìbumu lé e lórí. Bí àmù bá sán, ilẹ̀ àyíká rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ sọ. Ọmọdé tí ó ń fi ẹsẹ̀ lásán kọjá yóò tẹ ibi tí ó tutù rinrin, yóò sì ké sí ìyá rẹ̀. A ó gbé àmù tí ó sán kúrò, a ó gbé òmíràn sí ipò rẹ̀, ọ̀rọ̀ bùṣe. Òjò pàápàá kò fara pamọ́ fún àwọn baba wa. Nínú agbo ilé tí òrùlé yí àgbàlá ká, òṣòòrò a máa dà sí ààrin àgbàlá, àwọn obìnrin a gbé ìkòkò sí abẹ́ rẹ̀, èyí tí ó bá ṣẹ́ kù a sì gba ojú àgbàrá jáde sí ẹ̀yìnkùlé.

Lóde òní, ọ̀pọ̀ ilé ni omi ń wọ̀ tí onílé kò mọ ọ̀nà tí ó ń gbà. Ó ṣí ẹnu ẹ̀rọ, omi dà. Ó ti í, omi dúró. Ohun tí ó mọ̀ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, pàápàá ní ìpínlẹ̀ bíi Texas, Florida àti California, àìmọye ilé ni ó jókòó lórí kọ́ńkéré pẹlẹbẹ, tí páìpù omi wọn sì wà nísàlẹ̀ kọ́ńkéré yẹn tàbí nínú rẹ̀ gan-an. Nígbà tí páìpù bẹ́ẹ̀ bá lu, tí omi ń jò sábẹ́ ilé, ọ̀pọ̀ onílé kì í wá páìpù náà kàn mọ́. Wọn a gé e, wọn a dí i lẹ́nu, wọn a fi í sílẹ̀ sínú sàréè rẹ̀, wọn a sì la ọ̀nà tuntun fún omi gba inú ògiri àti òkè àjà. Àwọn kan tilẹ̀ ń fi ọwọ́ ara wọn ṣe iṣẹ́ yìí, láìpe púlọ́mbà kankan. Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí á jọ yẹ̀ wò nínú àròkọ yìí ni pé: báwo ni omi ilé ṣe di ohun tí a ń rì mọ́lẹ̀? Ta ni ó jàǹfààní rẹ̀, ta ni ó sì ń san gbèsè rẹ̀? Bí a bá tọ ipa ìtàn náà dáadáa, a ó rí i pé onílé tí ó ń tú omi rẹ̀ gba ọ̀nà mìíràn ń dá ẹ̀tọ́ kan padà fún ara rẹ̀, èyí tí àwọn ará ìgbàanì kò fojú kékeré wò rárá.

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti Róòmù. Ní ọ̀rúndún tí ó ṣáájú ìbí Jésù, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Vitruvius, tí ó mọ iṣẹ́ ilé kíkọ́ àti iṣẹ́ ẹ̀rọ dunjú, kọ ìwé mẹ́wàá lórí ilé kíkọ́ fún ọba ńlá Augustus. Ọ̀rọ̀ omi ni ó fi ìwé kẹjọ dá lé. Níbẹ̀, ó gbé páìpù tí a fi amọ̀ ṣe àti páìpù tí a fi òjé ṣe lórí ìwọ̀n, ó sì gbè sẹ́yìn amọ̀. Ìdí méjì ni ó fi gbè é. Èkíní ni pé bí nǹkan bá ṣe páìpù amọ̀, ẹnikẹ́ni ni ó lè tún un ṣe. Èkejì ni pé omi inú amọ̀ dára fún ara ju omi inú òjé lọ. Ó ní kí a wo àwọ̀ ara àwọn tí ń rọ òjé, bí ó ti máa ń ṣì. Ìdí kejì yìí ni àwọn onímọ̀ ìlera òde òní fi ń yìn ín, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí májèlé ni òjé. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé ìdí kìíní ni Vitruvius kọ́kọ́ sọ. Lójú rẹ̀, ohun àkọ́kọ́ tí a ó fi mọ páìpù rere ni pé ọwọ́ onílé ká a.

Pẹ̀lú gbogbo ìmọ̀ràn yìí, òjé ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ará Róòmù lò, nítorí pé ó rọrùn láti tẹ̀, kò sì tètè fọ́. Ìlú Pompeii ni ẹlẹ́rìí wa. Ní ọdún 79 lẹ́yìn ìbí Jésù, òkè Vesuvius bú gbàmù, ó sì fi eérú bo ìlú náà mọ́lẹ̀. Nígbà tí àwọn awalẹ̀pìtàn hú u jáde, wọ́n bá páìpù òjé ní ẹ̀gbẹ́ òpópónà, lábẹ́ etí ibi tí àwọn ènìyàn ń gbà rìn, kò sì jìn nílẹ̀. Àwọn olówó ìlú náà ní ààrin ilé tí òrùlé yí ká, tí òjò ń dà sínú kòtò onígun mẹ́rin tí ó wà láàrin rẹ̀. Kòtò yìí ni wọ́n ń pè ní impluvium, orúkọ yìí kan náà sì ni àwọn onímọ̀ ilé kíkọ́ fi ń pe irú agbo ilé wa tí mo mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan. Bẹ́ẹ̀ ni ará Róòmù àti ará Ọ̀yọ́ tí kò mọ ara wọn rí ṣe gbà pé ojú ni a fi ń ṣọ́ omi.

Ṣùgbọ́n Róòmù kan náà ni ó kọ́kọ́ fi hàn wá bí nǹkan ṣe ń rí nígbà tí omi bá bọ́ sí abẹ́ ilẹ̀ tí ojú kò tó. Ní ọdún 97, wọ́n yan Frontinus, ìjòyè kan tí ó ti ṣe gómìnà ní ilẹ̀ Britain rí, láti ṣe alábòójútó omi ìlú. Ọ̀nà omi mẹ́sàn-án ni ó ń wọ Róòmù nígbà náà. Nígbà tí Frontinus ṣe àyẹ̀wò, ó rí i pé omi tí ń wọ ìlú kò dọ́gba pẹ̀lú èyí tí ìwé fi hàn. Ó wádìí, ó sì bá páìpù ìkọ̀kọ̀ kiri abẹ́ òpópónà ìlú. Àwọn òṣìṣẹ́ omi fúnra wọn ni wọ́n ń dá páìpù ìlú lu, tí wọ́n ń ta omi fún àwọn oníṣòwò. Ó ní kí wọ́n fà wọ́n tu, òjé tí wọ́n sì rí kó jọ níbẹ̀ kò kéré. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ní Róòmù, ilẹ̀ ni ó lanu, ìdí tí olè sì fi pẹ́ níbẹ̀ ni pé kò sí ẹni tí ó ń wo abẹ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn Róòmù, ó pẹ́ kí omi tó tún máa wọ ilé bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ Yúróòpù. Ní ọdún 1613, Hugh Myddelton parí odò àtọwọ́dá tí wọ́n ń pè ní New River, èyí tí ó gbé omi láti àgbègbè Hertfordshire wọ Lọ́ńdọ̀nù. Igi ni wọ́n lu ihò sí láàrin, tí wọ́n rì mọ́ abẹ́ òpópónà láti fi pín omi náà. Igi a máa jẹrà, a máa jò, àwọn òṣìṣẹ́ kò sì ní ìsinmi. Nígbà tí ó yá, irin rọ́pò igi. Síbẹ̀, abẹ́ òpópónà ni ìwọ̀nyí wà, ilé-iṣẹ́ omi ni ó sì ni wọ́n. Bí wọ́n bá jò, kì í ṣe onílé ni yóò san owó títún wọn ṣe. Nínú ilé fúnra rẹ̀, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Ní àríwá Amẹ́ríkà, òtútù a máa wọ ilẹ̀ lọ jìnnà nígbà ọ̀gìnnìtìn, a sì máa sọ omi inú ilẹ̀ di yìnyín. Nítorí èyí, ìpìlẹ̀ ilé gbọ́dọ̀ jìn ju ibi tí òtútù dé lọ. Nígbà tí a bá sì ti gbẹ́ ilẹ̀ jìn tó bẹ́ẹ̀, kí ni yóò ní kí á má sọ ibẹ̀ di yàrá? Bí àjà ilẹ̀ ṣe di ohun tí ó wọ́pọ̀ nínú ilé wọn nìyẹn. Páìpù omi a máa fi ara rọ̀ mọ́ òkè àjà ilẹ̀ yìí. Bí ó bá jò, yóò kán sí ilẹ̀ tí ènìyàn ń rìn, onílé yóò sì gbé àkàsọ̀, yóò gùn ún lọ bá a.

Ogun Àgbáyé Kejì ni ó yí àṣà yìí padà. Nígbà tí ogun parí ní ọdún 1945, ọ̀kẹ́ àìmọye ọmọ ogun ni ó padà sílé, wọ́n gbéyàwó, wọ́n bímọ, wọn kò sì rí ilé gbé. Òfin ọdún 1944 ti jẹ́ kí ó rọrùn fún wọn láti yá owó kọ́lé. Ní ọdún 1947, ilé-iṣẹ́ Levitt bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ilé lórí ilẹ̀ tí wọ́n ti ń gbin ọ̀dùnkún tẹ́lẹ̀ ní Long Island, lẹ́bàá ìlú New York. Wọ́n pín iṣẹ́ ilé kíkọ́ sí wẹ́wẹ́ bí ìgbà tí a bá ń ṣe ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ nínú ilé-iṣẹ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé níhìn-ín, òṣìṣẹ́ ni ó ń rìn láti ilé dé ilé. Ẹni tí ń da kọ́ńkéré kò ṣe ju kí ó da kọ́ńkéré lọ. Ẹni tí ń kun ọ̀dà kò ṣe ju kí ó kun ọ̀dà lọ. Nígbà tí ó fi di ọdún 1951, ilé tí ó lé ní 17,000 ti dúró níbẹ̀, wọ́n sì sọ ibẹ̀ ní Levittown. Kí á má sì fi òótọ́ pamọ́: àdéhùn tí wọ́n kọ́kọ́ ń kọ níbẹ̀ kò gba ènìyàn dúdú láàyè láti gbé inú ilé wọ̀nyí.

Láti lè kọ́lé kíákíá tó bẹ́ẹ̀, ohun kan gbọ́dọ̀ kúrò lọ́nà: àjà ilẹ̀. Òfin agbègbè náà ní gbogbo ilé gbọ́dọ̀ ní àjà ilẹ̀. Wọ́n yí òfin náà padà lọ́dún 1947. Dípò kí wọ́n gbẹ́lẹ̀, wọ́n tẹ́ ilẹ̀ gbọọrọ, wọ́n da kọ́ńkéré pẹlẹbẹ lé e, wọ́n sì kọ́ ilé sórí rẹ̀. Inú kọ́ńkéré yìí ni wọ́n rì páìpù bàbà sí, kí omi gbígbóná lè máa yí kiri nínú rẹ̀, kí ilẹ̀ ilé lè máa lọ́ wọ́ọ́rọ́ nígbà òtútù. Èrò yìí kì í ṣe tuntun. Frank Lloyd Wright, gbajúmọ̀ ayàwòrán ilé, ti ṣe irú rẹ̀ nínú ilé kékeré kan tí ó kọ́ sí ìlú Madison ní ọdún 1937. Àwọn ará Kòríà ti ń mú ilẹ̀ ilé wọn gbóná láti ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún sẹ́yìn, ṣùgbọ́n èéfín iná ni wọ́n ń darí gba abẹ́ ilẹ̀ ilé, kì í ṣe omi. Ohun tí ó jẹ́ tuntun ni pé a sọ ohun tí a ṣe fún ilé ẹyọ kan di àṣà fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ilé.

Láti ìgbà náà, ilé orí kọ́ńkéré pẹlẹbẹ tàn ká gúúsù àti ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà, níbi tí òtútù kì í ti wọlẹ̀ jìnnà. Kì í ṣe omi tí ń mú ilé gbóná nìkan ni a ń rì mọ́lẹ̀ mọ́. Omi tí a ń mu, tí a fi ń wẹ̀, tí a fi ń fọ abọ́, gbogbo rẹ̀ gba abẹ́ kọ́ńkéré lọ. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti rí. Ọ̀nà tí ó kúrú jù láti ibi tí omi ti wọlé títí dé ilé ìdáná ni kí a gba abẹ́ ilẹ̀ lọ tààrà. Bàbà tí a ó rà yóò kéré, a kò ní í dá ògiri lu, iṣẹ́ yóò sì tètè parí. Gbogbo àǹfààní wọ̀nyí, ti akọ́lé ni. Ilé ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ kí páìpù tó bẹ̀rẹ̀ sí í jò ní ogún tàbí ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà. Àwọn àgbà ní ẹni tí ó bá jẹ gbì ni yóò kú gbì. Nínú ọ̀rọ̀ yìí, akọ́lé ni ó jẹ gbì, ẹni tí ó ra ilé ni ó ń kú gbì.

Kí ni ó ń mú páìpù bàbà jò lábẹ́ kọ́ńkéré? Ohun tí ó ń fà á pọ̀. Omi gbígbóná a máa mú bàbà gùn, bí ó bá sì tutù, a tún sún kì. Bí ibì kan lára rẹ̀ bá kan kọ́ńkéré tàbí òkúta, yóò máa ha ara rẹ̀ títí yóò fi lu. Ìdí nìyí tí páìpù omi gbígbóná fi máa ń tètè jò ju ti omi tútù lọ. Èròjà inú ilẹ̀ tàbí inú omi fúnra rẹ̀ lè máa jẹ bàbà díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi dá ihò bíńtín sí i. Ní àwọn àgbègbè kan ní Texas, ilẹ̀ alámọ̀ a máa wú nígbà òjò, a sì máa sún kì nígbà ọ̀dá, yóò máa ti kọ́ńkéré síwá sẹ́yìn, páìpù inú rẹ̀ yóò sì máa jìyà.

Àmì tí onílé fi ń mọ̀ mú mi rántí ọmọdé ẹ̀gbẹ́ àmù. Ẹni tí ó ń fi ẹsẹ̀ lásán rìn nínú ilé yóò kàn ṣàkíyèsí pé ibì kan lọ́ wọ́ọ́rọ́ ju ibòmíràn lọ. Ó lè jẹ́ pé ní òru, nígbà tí gbogbo ilé dákẹ́, yóò máa gbọ́ bí omi ti ń ṣàn tí ẹnikẹ́ni kò sì ṣí ẹ̀rọ. Ó lè jẹ́ ìwé owó omi ni yóò kọ́kọ́ ta á lólobó. Nígbà náà, yóò ti gbogbo ẹnu ẹ̀rọ pa, yóò sì lọ wo mítà lóde. Bí mítà bá ṣì ń yí, omi ń jò. Yóò wá ti omi tí ń wọ ẹ̀rọ amúmigbóná. Bí mítà bá dúró, ọ̀nà omi gbígbóná ni àrùn wà. Bí kò bá dúró, kí ó wá a lọ́nà ti omi tútù.

Ọ̀nà mẹ́ta ni ó wà níwájú rẹ̀ báyìí. Ó lè ní kí wọ́n fọ́ kọ́ńkéré, kí wọ́n wá ojú ibi tí ó lu, kí wọ́n sì dí i. Ó lè ní kí wọ́n da ohun kan tí ó dà bí ọ̀dà líle gba inú páìpù, kí ó lè lẹ̀ mọ́ ọn yíká láti inú. Ó sì lè pa páìpù abẹ́ ilẹ̀ tì pátápátá, kí ó la ọ̀nà mìíràn fún omi. Nínú ilé tí ó ti gbó, ọ̀nà kẹta yìí ni ọ̀pọ̀ ń yàn, nítorí pé ọjọ́ kan náà ni wọ́n rì gbogbo páìpù yẹn, ilẹ̀ kan náà ni wọ́n sì dùbúlẹ̀ sí. Bí ọ̀kan bá ti lu, àwọn yòókù ń bọ̀ lọ́nà.

Iṣẹ́ náà gba sùúrù ju agbára lọ. Onílé yóò kọ́kọ́ wá ibi tí páìpù ti yọrí láti inú kọ́ńkéré, lẹ́yìn ògiri, ní ìdí ẹ̀rọ amúmigbóná àti ní ìdí ibi tí ó ń gbé omi lọ. Yóò gé e ní orí méjèèjì, yóò sì dí ẹnu òkú páìpù náà. Kò gbọ́dọ̀ gbàgbé pé páìpù lè ní ẹ̀ka nísàlẹ̀ tí kò rí, nítorí náà yóò ka gbogbo ibi tí omi ti ń yọ nínú ilé, kí ó má baà fi ọ̀kan sílẹ̀ láìlómi. Lẹ́yìn èyí, yóò fa páìpù tuntun gba inú ògiri gòkè lọ sínú àlàfo tí ó wà láàrin àjà àti òrùlé, yóò fà á kọjá lórí àwọn yàrá, yóò sì tún sọ̀ ọ́ kalẹ̀ nínú ògiri ilé ìdáná tàbí ti ilé ìwẹ̀. Níbi tí ìṣó bá ti lè gún un, yóò fi irin pẹlẹbẹ dáàbò bò ó. Kò ní í fà á le koko, nítorí pé yóò gùn nígbà tí omi gbígbóná bá wọ inú rẹ̀. Kí ó tó dí ògiri padà, yóò ki omi tàbí afẹ́fẹ́ sínú rẹ̀ pẹ̀lú agbára, yóò sì wò ó bóyá ó ń jò. Ní ọ̀pọ̀ ìlú níbẹ̀, òfin gbà kí onílé ṣe iṣẹ́ yìí nínú ilé tí òun fúnra rẹ̀ ń gbé, bí ó bá ti gba ìwé àṣẹ, tí ó sì jẹ́ kí aṣojú ìlú wá wò ó. Ewu kan tún wà tí ojú kì í tètè rí: nínú àwọn ilé àtijọ́, ara páìpù irin tàbí bàbà ni wọ́n so wáyà mọ́, kí iná mànàmáná tí ó bá ṣìnà lè rí ọ̀nà wọlẹ̀. Ẹni tí ó bá fi ike rọ́pò bàbà láìbá oníṣẹ́ iná sọ̀rọ̀ lè ti já okùn tí ń gba ẹ̀mí là.

Ike ni mo wí yìí, òun sì ni ó dá iṣẹ́ náà padà sí ọwọ́ onílé. Bàbà nílò iná àti òjé ìjó, ó sì nílò ọwọ́ tí ó mọ̀ ọ́n lò. Ní ìparí àwọn ọdún 1960, Thomas Engel, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, wá ọ̀nà láti so ike polyethylene pọ̀ mọ́ ara rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí omi gbígbóná kò fi ní í yọ́ ọ. Páìpù yìí, tí wọ́n ń pè ní PEX, a máa tẹ̀ bí okùn. A lè fà á gba igun ilé láìgé e, irinṣẹ́ ọwọ́ sì ni a fi ń so ó. Ṣùgbọ́n ìtàn kò gbà wá láyè láti máa yin gbogbo ohun tuntun. Láàrin ọdún 1978 sí 1995, irú ike mìíràn tí ń jẹ́ polybutylene ni ọ̀pọ̀ akọ́lé ní Amẹ́ríkà fi ṣe páìpù nítorí pé owó rẹ̀ kò pọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sán, ó ba ilé jẹ́, ọ̀rọ̀ sì di ti ilé ẹjọ́. Ní ọdún 1995, ní ìpínlẹ̀ Tennessee, àwọn ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é gbà láti kó mílíọ̀nù 950 dọ́là sílẹ̀ fún àwọn onílé. Ní oṣù Kejì ọdún 2021 ẹ̀wẹ̀, òtútù tí irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n jà ní Texas, iná mànàmáná lọ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, omi inú páìpù òkè àjà di yìnyín, páìpù bẹ́, omi sì dà lu àga àti ibùsùn. Àwọn tí páìpù wọn wà lábẹ́ ilẹ̀ lè fi wọ́n rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà.

Ǹjẹ́ èyí sọ pé ó sàn kí á rì omi mọ́lẹ̀? Èmi kò rò bẹ́ẹ̀. Kò sí ibi tí a gbé omi sí tí kò lè jò. Àmù pàápàá a máa sán. Ohun tí a ń béèrè ni pé bí ó bá jò, ta ni yóò mọ̀, báwo ni yóò ti pẹ́ tó kí ó tó mọ̀, ta ni yóò sì lè tún un ṣe? Páìpù òkè àjà tí ó bẹ́, onílé rí i ní wákàtí tí ó bẹ́. Ó ti omi, ó gé ibi tí ó bàjẹ́, ó so òmíràn. Bí ó bá sì gbọ́n, ó fi aṣọ òtútù wé e fún ọjọ́ mìíràn. Páìpù abẹ́ kọ́ńkéré lè jò fún oṣù púpọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fura, yóò sì ti wọ́ ilẹ̀ lọ lábẹ́ ìpìlẹ̀ ilé. Ọ̀rọ̀ Vitruvius ni ó tún padà wá yìí, ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún méjì lẹ́yìn tí ó sọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá nílé. Ní ọdún 1908, nígbà tí ìjọba amúnisìn fẹ́ fa omi ẹ̀rọ wọ Èkó, tí ó sì fẹ́ kí àwọn ará ìlú máa san owó orí rẹ̀, Èkó gbaná jẹ. Dókítà John Randle àti Dókítà Òrìṣàdípẹ̀ Ọbasá dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀, People's Union, láti tako owó náà. Àwọn ará ìlú ní àwọn ní kànga, àwọn rí ìsàlẹ̀ rẹ̀, àwọn oyìnbó ni ó nílò omi ẹ̀rọ. Bí ó ti wù kí ó rí, omi Ìjù bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn wọ Èkó ní ọdún 1915. Omi náà gba ọ̀pọ̀ ẹ̀mí lọ́wọ́ àrùn, a kò sì gbọdọ̀ sẹ́ oore rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ó wà nídìí ìbéèrè àwọn ará Èkó kò tíì kú: ẹni tí yóò san owó omi ní ẹ̀tọ́ láti mọ ọ̀nà tí omi ń gbà.

Lónìí, àwọn ọmọ wa ń kọ́lé. Wọ́n ń gbẹ́ kànga ẹ̀rọ, wọ́n ń gbé táńkì sókè, àwọn púlọ́mbà sì ń tẹ́ páìpù sílẹ̀ kí wọ́n tó da ohun tí àwọn bíríkìlà ń pè ní jámán fúlọ̀ lé e lórí. Lẹ́yìn èyí, wọ́n lẹ táìlì olówó iyebíye mọ́ ọn. Nígbà tí ilẹ̀ ilé bá wá ń rin, tí ọ̀dà ń ṣí lára ògiri, wọn a ní ilẹ̀ ibẹ̀ ni ó lómi. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ó sì lè jẹ́ páìpù. Kí ni ó ṣòro nínú kí onílé dúró ti púlọ́mbà ní ọjọ́ tí ó ń tẹ́ páìpù, kí ó ya àwòrán ọ̀nà tí ó gbà sórí ìwé, kí ó sì tọ́jú ìwé náà mọ́ ìwé ilẹ̀? Kí ni ó burú nínú kí á fa páìpù gba ẹ̀yìn ògiri lóde, bí ó tilẹ̀ bu ẹwà ilé kù díẹ̀? Ẹwà tí yóò mú wa fọ́ táìlì lọ́la, gbèsè ni.

Àwọn baba wa ní omi tí ènìyàn yóò mu kò ní í ṣàn kọjá rẹ̀. Òwe yìí, ti kádàrá ni a máa ń lò ó fún. Ṣùgbọ́n nínú ilé tí a fi sìmẹ́ǹtì kọ́, omi tí a ti sanwó rẹ̀ lè máa ṣàn kọjá lábẹ́ ẹsẹ̀ wa lójoojúmọ́ láìmọ̀. Onílé tí ó gé páìpù abẹ́ ilẹ̀, tí ó sì fa òmíràn síbi tí ọwọ́ rẹ̀ tó, ti gba ilé rẹ̀ padà lọ́wọ́ akọ́lé tí kò rí rí. Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fi ìpìlẹ̀ ilé lélẹ̀ kò sì gbọdọ̀ dúró dìgbà tí omi bá jò kí ó tó béèrè ibi tí ó ń gbà.